Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwé: Ta Ló Ni Ilé Ìwé Wa Gan-an?

 

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé kì í tán lórí àwọn gúrúùpù wa. Ẹnìkan á fi fọ́tò òrùlé tí ìjì ṣí ránṣẹ́, àwọn méjì á ní "Ìjọba dà?", ẹlòmíì á dáhùn pé "Ẹ jẹ́ ká dáwó, ìlú wa ni." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ á ti di àríyànjiyàn: àwọn kan ní tí a bá ń bá ìjọba ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìjọba ò ní ṣe é mọ́ láéláé, àwọn kan ní ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lónìí ò lè dúró de ìjọba. Ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ tiẹ̀. Ohun tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ni ìtàn bí ilé ìwé ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ mìíràn. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ó tún ń múra láti pààrọ̀ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ò fọkàn sí: ogun Kírìjí. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí i, orúkọ Ọ̀tan wà nínú rẹ̀ gbangba. Ìwé náà sọ pé Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Baálẹ̀ Ìbàdàn, àti pé ará àwọn ìlú yìí tó bá wù láti kó kúrò lè kó kúrò. Ìlú mẹ́rin péré, orí ìwé kan, ó tán. Àwọn tó jókòó kọ ọ́ kò ronú nípa síléètì tàbí ṣọ́ọ̀kì rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí òyìnbó to ilẹ̀ yìí sí próvíńsì, apá Ìbàdàn la wà. Ìbàdàn ni olú ìlú Western Region, Ìbàdàn ni olú ìlú Western State, Ìbàdàn náà ni ti Ọ̀yọ́ State. Títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí Babangida dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàròyé pé tíṣà ò tó ní Ọ̀tan, Ìbàdàn ni ẹ̀sùn ń lọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé márùn-ún.

Àmọ́ kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ mú ilé ìwé wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ilé kéwú ti wà láwọn ìlú wa kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ilé ìwé ti òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì, lẹ́yìn tí Freeman àti Townsend dé ibẹ̀ ní 1842, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa. Níbi tó bá ti dé, ìjọ ló ni ín, ìlú ló ń kọ́ ọ. Ọba àti àwọn ìjòyè á fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọkùnrin á po amọ̀, obìnrin á pọn omi, wọ́n á dá owó páànù. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún san owó ilé ìwé ọmọ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìdáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn yìí láìṣí ìwé, ẹ kàn rìn yí ká gbogbo agbègbè Ọ̀ṣun, kí ẹ máa ka pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "St." yìí tàbí "St." tọ̀hún, ti Áńgílíkà tàbí ti Kátólíìkì nìyẹn. R.C.M., ti Àgùdà. A.U.D., Ansar-Ud-Deen, ẹgbẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ọmọ wọn máa pààrọ̀ orúkọ àti ẹ̀sìn kó tó lè mọ ìwé. N.U.D. náà, Nawair-ud-Deen, irú ìdí kan náà. L.A. ńkọ́? Local Authority. D.C. ńkọ́? District Council. Àwọn wọ̀nyí ni ilé ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò ti ọwọ́ ìjọ kankan wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí L.A. fún ọdún mẹ́fà gbáko láìmọ ohun tí lẹ́tà méjì náà dúró fún. Lẹ́tà méjì yẹn ń sọ pé nígbà kan rí, káńsù fúnra rẹ̀ ni onílé ìwé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ibi tí ìtàn náà ti gbóná jù ni 1955. Ní oṣù keje 1952, Stephen Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gbé ètò rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn: láti oṣù kìíní 1955, gbogbo ọmọ Western Region yóò lọ sí pírámárì lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe àwa nìkan la ń gbìyànjú irú rẹ̀ nígbà yẹn. Nkrumah ti yọ owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní Gold Coast ní 1952 yẹn náà. Ṣùgbọ́n níbo lowó yóò ti wá? Ìjọba Awólọ́wọ̀ bu owó orí àkànṣe lé aráàlú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn bàbá wa. Inú bí wọn. Àgbẹ̀ tí kò ní ọmọ nílé ìwé ń béèrè ìdí tí òun yóò fi san. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, Action Group fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀. NCNC ló mú ìjókòó tó pọ̀ jù ní Western Region. Òǹdìbò lù wọ́n, síbẹ̀ wọn ò dá ètò náà dúró. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ ká máa yin Awólọ́wọ̀ fún jùlọ, ju orin ọ̀fẹ́ tí olóṣèlú gbogbo ń kọ lóde òní lọ.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni wọ́n ṣí i. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì ní gbogbo Region kò tó 460,000. Ní 1955, iye wọn ti kọjá 800,000. Ẹ rò ó wò ná, kí ọmọ ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan, níbi tí ìwé ìbí ò sí! Bí àwọn tíṣà ṣe ń mọ ẹni tó ti tó ọjọ́ orí ni pé wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó wọlé. Bí kò bá kàn án, ó di ẹ̀ẹ̀mọ́ọ̀. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó lé ní 75, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ ó rí i pé ọwọ́ wọn á gbéra lọ sórí kí wọ́n tó dáhùn.

Wọ́n gé pírámárì láti ọdún mẹ́jọ sí mẹ́fà kí àyè lè gba gbogbo ọmọ. Wọ́n dá Modern School sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí ọ̀nà dé girama, ọdún mẹ́ta. Tíṣà ò tó, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi sí iwájú ọmọ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó lòdì sí ètò náà ní ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́, pé Standard Six àtijọ́ dára jù. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, olúkúlùkù pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀. Ẹ wá wo Eastern Region: àwọn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1957, owó tán, nígbà tó di 1958 wọ́n dá owó ilé ìwé padà, àwọn obìnrin sì tú jáde láti fẹ̀hónú hàn. Tiwa dúró nítorí pé owó orí ti wà nílẹ̀ àti nítorí kòkó. Ẹ̀yin tí bàbá yín ní oko kòkó, ẹ mọ ẹni tó kọ́ ilé ìwé yẹn.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìjọ ṣì ń ṣe alábòójútó ilé ìwé tirẹ̀, ìjọba ń fún wọn lówó ìrànwọ́. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ológun gba gbogbo rẹ̀. Wọn ò yí pátákó padà, "St." ṣì wà níbẹ̀, A.U.D. ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà di òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá ilé ìwé kò sì fi àlùfáà tàbí lèmọ́mù ṣe ọ̀gá mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, UPE ti gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ọbásanjọ́; fún àwa tó ti ní tiwa láti 1955, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Owó epo ni wọ́n fi ń sanwó. Aráàlú ò dá nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé ìwé bí ohun ìjọba, bíi títì tàbí póòsì. Kò sẹ́ni tó lé wa jáde. Àwa la rọra jáde.

Síbẹ̀ ìlú tún padà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́ ní 1979, tó sì sọ girama di ọ̀fẹ́, àwọn tó ti jáde pírámárì ya bí omi, ilé ìwé tó wà ò gbà wọ́n. Gbogbo ìlú àti abúlé wá ń du kí girama bọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ tún wo pátákó: "Community Grammar School", "Community High School". Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti àsìkò yẹn. Ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìlú kọ́ kíláàsì díẹ̀, ìjọba fi tíṣà ránṣẹ́. Àwọn ilé kan tí wọ́n sáré kọ́ nígbà náà ni òrùlé wọn ń ṣí lónìí.

Apá tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé òun ló kan ohun tó wà níwájú wa. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí owó pírámárì, kí owó oṣù tíṣà lè máa wọlé. Ní 1991, Babangida fagi lé e, ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ gba pírámárì pátápátá: tíṣà, owó oṣù, ilé, gbogbo rẹ̀. Lórí ìwé, ó dára. Ilé ìwé padà sọ́dọ̀ onílé, àbí? L.A. tún ti di L.A. Àmọ́ káńsù ò ní owó, àwọn mìíràn sì ní owó ṣùgbọ́n wọn ò ka tíṣà kún. Owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, ìyanṣẹ́lódì tẹ̀lé ìyanṣẹ́lódì káàkiri Nàìjíríà, àwọn ọmọ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé nígbà yẹn, inú rògbòdìyàn yẹn ló bá ara rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 1993, ìjọba ológun fi òfin mìíràn dá ìgbìmọ̀ náà padà, wọ́n sì wá ń yọ owó tíṣà nínú owó káńsù láti òkè kó tó dé ọ̀dọ̀ káńsù. Ìyẹn ló di ìpìlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sanwó tíṣà pírámárì títí di òde òní. Ọdún méjì péré ni ìdánwò náà fi wáyé.

Láti 1999 ni UBE ti dé, òfin rẹ̀ jáde ní 2004: ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́ àti dandan, pírámárì mẹ́fà pẹ̀lú JSS mẹ́ta. Ìjọba àpapọ̀ ń fi owó sílẹ̀ lọ́dọọdún, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye kan náà sí i kó tó rí i gbà. SUBEB wà ní Òṣogbo. Ní káńsù wa, Bólúwadúró, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ Education Secretary. Ẹ̀yin tó wà ní Houston tàbí Maryland, ẹ má fi èyí wé school board tiyín o. Lọ́dọ̀ yín, ní ọ̀pọ̀ ibi, aráàlú ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ náà, owó orí ilé àti ilẹ̀ yín ló sì ń gbé ilé ìwé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè lọ jókòó nínú ìpàdé wọn kí ẹ sì pariwo. Níhìn-ín, yíyàn ni wọ́n ń yan Education Secretary, owó ń ti Àbújá wá, kò sì sí ẹni tí ẹ lè fi ìbò lé kúrò nítorí pé àga ò sí ní kíláàsì. Ohun tó sún mọ́ tiyín jù ni SBMC, ìgbìmọ̀ tí òbí, tíṣà, àwọn ìjòyè àti akẹ́kọ̀ọ́jáde ń jókòó sí ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Mélòó nínú wa ló mọ ẹni tó wà nínú ti ilé ìwé tó lọ?

Ti Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbogbo yín lẹ rántí, mi ò ní fa á gùn. Ó pe àpérò ẹ̀kọ́ ní oṣù kejì 2011, Wọlé Ṣóyínká ló ṣe alága. Ohun rere wà níbẹ̀: oúnjẹ O'Meal tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 kó ọmọ wá sí kíláàsì, ìjọba àpapọ̀ sì wò ó ṣe nígbà tó yá. Opọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013. Àmọ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ilé ìwé pín sí elementary, middle àti high school, wọ́n da àwọn kan pọ̀, wọ́n wọ gbogbo ọmọ ní yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, wọ́n fi Tutor-General mẹ́ta ṣe olórí ẹkùn mẹ́ta. Pátákó yí padà. Àwọn ìjọ tó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní, ẹ dúró ná, ilẹ̀ wa nìyí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dájọ́ lórí híjáàbù ní oṣù kẹfà 2016, àwọn ọmọ kan ní Baptist High School, Ìwó, wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì, àwọn tó wọ híjáàbù ń wò wọ́n. Gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín. Kí ló bí i? Ìbéèrè kan náà ni: ta ló ni ilé ìwé? Ìdáhùn tí wọ́n fún un ní àwọn ọdún 1970 kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ó kàn sùn ni, wọ́n wá jí i.

Ní oṣù kejì 2020, ìjọba Oyètọ́lá dá gbogbo rẹ̀ padà: 6-3-3-4, yunifọ́ọ̀mù oníkálukú, orúkọ àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde jó. Èmi náà yọ̀, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi ronú pé orúkọ la gbà padà, a ò tíì gba ilé ìwé. Láàárín ìgbà tí à ń jà lórí aṣọ, láti 2015 títí wọ 2018, àwọn tíṣà tó wà ní ipò òkè ń gba ìdajì owó oṣù. Mi ò rántí kí gúrúùpù akẹ́kọ̀ọ́jáde kankan gbóná lórí ìyẹn bó ṣe gbóná lórí orúkọ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo ń lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àwọn tíṣà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. NUT sáré jáde pé kí wọ́n kọ́kọ́ máa yọ owó oṣù tíṣà pírámárì kí ohunkóhun mìíràn tó jáde, nítorí wọ́n rántí 1991. Ìwé òfin 1999 náà ò sọ pé káńsù ni yóò nìkan gbé pírámárì. Ohun tó sọ ni pé káńsù yóò kópa pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Bí owó bá ti wá ń dá dé Bólúwadúró, ta ni yóò sanwó tíṣà Ọ̀tan, ta ni yóò sì tún òrùlé ṣe? Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, kó fi ìwé tó fi mọ̀ ọ́n hàn wá.

Nítorí náà, nípa ìdáwó òrùlé, èrò tèmi nìyí, ẹ lè ta kò ó. Ẹ dáwó. Àwọn bàbá wa dáwó, wọ́n san owó orí, wọ́n sì tún bínú lójú ìbò. Ìbínú yẹn ni àwa ò ní. Àwa ń dáwó, a sì ń dákẹ́. Kí kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ tó jáde, kí akọ̀wé wa kọ lẹ́tà méjì. Ọ̀kan sí káńsù ní Ọ̀tan níbí, kó béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ìṣirò ọdún yìí. Èkejì sí Òṣogbo, sí SUBEB, kó béèrè bóyá ìpínlẹ̀ ti fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè gba ti UBE, àti ilé ìwé wo nínú ti Bólúwadúró ló wà nínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe. Bí èsì bá dé, kí wọ́n gbé e sórí gúrúùpù bó ṣe rí. Bí kò bá dé lẹ́yìn oṣù kan, kí wọ́n sọ ìyẹn náà. Òfin tó fún aráàlú láyè láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà láti 2011. Kí àwọn tó wà nílé sì lọ jókòó sí SBMC, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ nìkan.

Ohun kan tó kù: àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwé àtijọ́, níbi tí hẹdimásítà ń kọ orúkọ ọmọ tó wọlé àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sí, ikán ń jẹ wọ́n lọ káàkiri ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí òbí rẹ̀ láti àsìkò 1955 sí 1960, tàbí fọ́tò kíláàsì tí pátákó ilé ìwé hàn nínú rẹ̀, kó ya á, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ ilé ìwé náà àti ọdún rẹ̀. Kó má gé etí fọ́tò náà kúrò o. Ibẹ̀ ni pátákó máa ń wà.